Ojú Kejì Bàbá Onípáànù

Màdáámù Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Kò bí mi nínú. Bí mo bá lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wá sọ fún mi pé òun ò rí i kà. Fèrèsé kẹta ni mo jókòó sí, ní ọ́fíìsì tí ìlú dá sílẹ̀ nítorí àwọn dróònù, ìyẹn àwọn bàálù kékeré tí kò sẹ́ni nínú wọn, tí èèyàn ń dúró sílẹ̀ fi rìmóòtù darí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Kí ọ́fíìsì wa tó dé, ojú àwọn ará ìlú rí nǹkan. Ẹni tó bá ra dróònù lówùúrọ̀ á ti gbé e sókè kó tó di ọ̀sán. Ọ̀kan já lu gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ. Òmíràn ń lọ yọjú wo àwọn obìnrin ní fèrèsé balùwẹ̀ wọn, ẹ ò rí àìnítìjú! Ni wọ́n bá ṣòfin. Gbogbo dróònù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà lára, wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé ìwòsàn, ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè á kọ́kọ́ wá gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ wa, á sọ ọjọ́, á sọ wákàtí, á sọ àdúgbò.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá nìkan gbé e sókè. Ẹni tó ń darí rẹ̀, ojú fóònù ló ń wò. Kò rí wáyà iná, kò rí ẹni tó ń bọ̀ lábẹ́. Nítorí náà, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó gbójú sókè, kó má mójú kúrò lára dróònù náà rárá. Ojú Kejì la ń pe ẹni yẹn. Ẹni tó ń darí á máa bi í léraléra pé, "Ṣé o ń rí i?" Òun náà á máa dáhùn pé, "Mo ń rí i." Ìgbà tó bá ní, "Mi ò rí i," kí wọ́n sọ dróònù kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, kò sí àròyé.

Nínú gbogbo àwọn tó ń tò síwájú fèrèsé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá Onípáànù ni. Ogójì ọdún ló fi gun òrùlé kiri, tó ń wá ibi tó ń jò. Ó wá já bọ́ lọ́jọ́ kan, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ní òun ò gun àkàbà mọ́ láéláé. Ọkùnrin mìíràn ì bá jókòó sílé kó máa ka òpó ilé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, dróònù ni wọ́n lọ rà. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sí òkè òkun nígbà yẹn, ilé ti dá, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí ọmọ ilé ìwé. Tó bá gbé e sókè, á yẹ òrùlé wò láti ibi tó dúró sí, á wá sọ fún onílé pé, "Ìṣó tó wà lápá ibí yìí ti dípẹtà." Àwọn tí orúnkún wọn le á wá gun òkè lọ tún un ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ojú Kejì rẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Orogún mi" ló máa ń pe dróònù náà. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń rojọ́ bọ̀: "Màdáámù Òǹtẹ̀, ẹ bá mi dá sí i o! Ọkọ mi tún ti ra aṣọ tuntun fún orogún mi." Àpótí tí wọ́n ń gbé dróònù sí ló ń sọ. "Èmi ìyáálé ńkọ́? Ìgbà wo ló ra nǹkan fún mi gbẹ̀yìn?" Bàbá á ní, "Ìyáálé, òun kì í jẹun, kì í sì í jà." Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, èmi tí wọ́n máa ń ní mi ò léyín.

Bàbá ò fẹ́ ju obìnrin kan lọ láyé rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n Ìyáálé ló ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra dróònù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. "A dé o!" ni Bàbá máa ń fi kí wa bí wọ́n bá ti wọlé, ohùn rẹ̀ á kún gbogbo ọ́fíìsì.

Ó wá di ìgbà kan, ó ń dá wá. Mo bi í pé, "Bàbá, ìyàwó ńkọ́?" Ó ní, "Wọ́n wà." Mo lu òǹtẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní, "Ilé ńkọ́? Ìyáálé ńkọ́?" Ó ní, "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Mo lu òǹtẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí a ṣe ń kí ara wa. A ó béèrè ilé, a ó béèrè ọ̀nà, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè ìyàwó. Ẹni tí a bi á ní wọ́n wà, wọ́n wà. Ẹni tó béèrè ò gbọ́, ẹni tó dáhùn ò rò ó. Bí ẹnì kan bá wá dáhùn pé, "Wọn ò sí o," ṣé a tiẹ̀ mọ ohun tí a máa ṣe? Ìlà sì gùn lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ Ìyáálé ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù ní gbogbo ìgbà, níbi tí wọ́n kọ Ojú Kejì sí. Mi ò bi í pé obìnrin náà dà. Mo rò pé ó wà níta, pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tí kò fi lè to ìlà. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bàbá yìí nìkan ló dúró níwájú mi, "A dé o" ló sì ń sọ. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì, mo dojú kọ ìwé mi.

Kí n má parọ́, èmi náà, bí wọ́n bá bi mí pé ilé ńkọ́, "Wọ́n wà" ni mò ń sọ. Ta ló wà? Ọkọ mi ti bá tirẹ̀ lọ, ó di ọdún kọkànlá. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ti wà nílé ọkọ, ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè mí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mò ń gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn, "Ẹ kú ilé o" ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń kí.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bàbá ń yẹ òrùlé ilé ìwé kan wò. Wọ́n fa wáyà kan láti orí òrùlé náà lọ sára òpó, wáyà tín-ín-rín, kò hàn lójú fóònù. Dróònù lọ kọ́ ọ, ó já wálẹ̀, ó bọ́ lu obìnrin tó ń gbá ọgbà ilé ìwé náà. Abẹ tó ń yí lára dróònù ya ọwọ́ obìnrin náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ni wọ́n rán sí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé kò tíì kúrò nínú ọgbà yẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ìwé tí wọ́n fi ròyìn ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí tábìlì mi kí n tó dé lọ́jọ́ kejì. Mo kà á, ara mi gbóná. Obìnrin tó fara pa sọ pé òun ò rí ẹnì kejì lọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní Bàbá kàn ń dá sọ̀rọ̀ ṣáá ni, á ní, "Ṣé o ń rí i?" á tún ní, "Mo ń rí i." Ó ní òun rò pé orí rẹ̀ ò pé ni.

Bàbá fúnra rẹ̀ wá láago mẹ́wàá. Inú ń bí mi. Bí inú bá ń bí mi, ẹ ò ní fẹ́ wà nítòsí.

"Bàbá, Ìyáálé dà?" Mi ò tiẹ̀ kí i. "Kí ló ń wò tí dróònù fi lọ kọ́ wáyà?"

"Ẹ má bínú, Màdáámù. Ó wà nílé."

"Ṣé òní ló wà nílé ni, àbí àná?"

Ó ń fi ìka ra etí káńtà.

"Ẹ kúkú jẹ́ kí n pè é fúnra mi. Ẹni tó bá ní òun ń ṣọ́ nǹkan, kó wá sọ ohun tó rí!"

Mo ṣí rẹ́jísítà, mo wá nọ́ńbà Ojú Kejì, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ọ́fíìsì. Ó wọlé. Àpò àyà ẹ̀wù Bàbá ló ti ń dún.

Ó yọ ọ́ jáde. Fóònù kékeré kan ni, wọ́n fi rọ́bà pupa so ó lẹ́yìn kó má baà tú ká. Ó wò ó, kò gbé e. Èmi náà ò mọ ìgbà tó yẹ kí n ju tọwọ́ mi sílẹ̀. A ń wo ara wa láti inú gíláàsì, fóònù yẹn sì ń dún ṣáá.

"Ìyáálé ti lọ, Màdáámù," ó ní. "Ó pé oṣù méje lánàá. Mo kàn ń cháàjì fóònù yìí ni. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń cháàjì ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn ń sọ? Ẹni tó láàánú á ní pẹ̀lẹ́. Èmi, ariwo ni mo pa: "Ẹ parọ́ fún mi! Oṣù méje, Bàbá! Mo bi yín, mo bi yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ wá!"

"Lóòótọ́ ni, ẹ bi mí." Kò gbé ohùn sókè. "Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní wọ́n wà, bí ẹnu ṣe máa ń sọ ọ́. Mo tún la ẹnu láti sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ ti lu òǹtẹ̀."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní ṣé ibẹ̀ ni a máa sùn ni. Mo wò ó, ó sinmi.

Ọ̀gá wa, ọmọ tí mo lè bí, pe àwa méjèèjì sínú yàrá rẹ̀. Ó fún èmi ní kúẹ́rì, pé mo lu òǹtẹ̀ mọ́ orúkọ òkú fún oṣù méje. Ó tọ́ sí mi. Ó wá yíjú sí Bàbá, ó ní nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n má baà gba ìwé àṣẹ tó fi ń gbé dróònù sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́, kó ṣe ìdánwò lórí pápá ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó máa ń dúró bí Ojú Kejì níbi ìdánwò wà ní ìsinmi, èmi ni mo máa dúró. Èkejì, kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà, kó mú orúkọ alààyè kan wá, ẹni tí á máa bá a jáde ní gbogbo ìgbà. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wa ò sì gbọdọ̀ jẹ́ Ojú Kejì ẹnikẹ́ni bí kì í bá ṣe níbi ìdánwò. Bí Bàbá ò bá rí ẹni mú wá, ó parí nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ ò gun àkàbà, ìwé àṣẹ yẹn nìkan sì ni iṣẹ́ tó kù fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn mú bí ẹni pé ó ní nǹkan kan lọ́kàn sí wa. Wọ́n ti tún dróònù ṣe. Bàbá gbé e jáde nínú àpótí, ó fi áńkáṣíìfù nu apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ má mójú kúrò lára ẹ̀ o. Bí oòrùn bá gbà á lójú yín, ẹ sọ. Ẹ má ṣe ojú àánú."

Dróònù gbéra. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lu òǹtẹ̀, mi ò dúró lábẹ́ ọ̀kan rí. Ó ń kùn lókè, ó kéré, ó ń kéré sí i.

"Ṣé ẹ ń rí i?"

"Mo ń rí i."

Ó darí rẹ̀ yí òrùlé ọ́fíìsì wa ká. Ojú fóònù ló ń wò, kò gbé orí sókè. "Ṣé ẹ ń rí i?" "Mo ń rí i." Ó tún yí ká. Ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀, èjìká rẹ̀ ti rọ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

"Ìyáálé, ṣé o ń rí i?"

Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Mo ń rí i."

Ìgbà yẹn gan-an ni dróònù wọ inú oòrùn. Mo ṣẹ́jú, omi dé ojú mi. Oòrùn ló fà á, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ má gbà. Nígbà tí mo la ojú, mi ò rí nǹkankan lókè àfi ìmọ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

"Ṣé o ń rí i?"

Mo fẹ́ kó yege, Ọlọ́run ló mọ̀. "Mo ń rí i" ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti fẹ́ bọ́, bí "wọ́n wà" ṣe ń bọ́ lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Mo rántí ọwọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀.

"Mi ò rí i, Bàbá! Mi ò rí i!"

Kò bi mí ní ìdí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló sọ ọ́ kalẹ̀, gbọọrọ, jẹ́jẹ́, ó sì balẹ̀ síwájú wa bí ìgbà tí wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀. Ó pa á. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀.

"Oṣù méje," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun ò rí i láti oṣù méje. Ìyáálé lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Mo máa ń bínú sí i, mo máa ń ní ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Màdáámù, ẹni tó ń dá ara ẹ̀ lóhùn, 'Mo ń rí i' ló máa ń sọ ṣáá."

Ó wá sunkún. Ọkùnrin àgbà, ó ń sunkún lójú oòrùn, ó sì fi áńkáṣíìfù tó fi nu dróònù nu ojú. Mo dúró tì í bí igi. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ sí lára ẹni tó ń sunkún, ó ti pẹ́ tí mo ṣe é gbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yege ìdánwò.

Mo ro ohun tí ẹ̀yin náà ń rò. Mo lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n di Ojú Kejì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo rò ó lórí ibùsùn, mo rò ó nínú ọkọ̀, mi ò sọ ọ́ jáde. Ẹ bú mi tó bá wù yín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá kí Bàbá tó wọlé. Ó gbé àpótí dání. Mo ń retí "A dé o" rẹ̀. "Mo dé o" ló sọ, ohùn rẹ̀ ò sì dé fèrèsé kejì.

Ó ti fọ́ọ̀mù sábẹ́ gíláàsì. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ pé, àfi ìlà Ojú Kejì tó ṣófo.

"Èèyàn mẹ́rin ni mo bi," ó ní. "Aládùúgbò mi kan, àárọ̀ kùtùkùtù ló ń jáde. Àbúrò Ìyáálé, ojú tiẹ̀ ò ríran jìnnà. Káfíńtà kan gbà kí n kọ orúkọ òun, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lè dúró lóòrùn. Ọmọ mi lókè òkun ní òun á bá mi wá ẹnì kan. Ó ní kí n ṣe sùúrù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo lè kọ orúkọ káfíńtà yẹn síbẹ̀, kí n sì tún máa dá ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n mo lọ wo obìnrin tó fara pa yẹn lánàá. Ó ṣí ọwọ́ ẹ̀ hàn mí. Òfin yín ò burú, Màdáámù."

Ó gbé ìwé àṣẹ lé orí fọ́ọ̀mù náà. Mo mú òǹtẹ̀ tí a fi ń fagi lé nǹkan. Èmi tí wọ́n ń gbọ́ òǹtẹ̀ mi ní yàrá kejì, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò hàn. Mo ní láti tún un tẹ̀. Bàbá gbé àpótí rẹ̀, ó tẹ fìlà mọ́rí, ó sì kí mi pé ó dìgbà, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe.

"Ilé ńkọ́, Màdáámù? Gbogbo wọn wà?"

Ẹnu mi ti là. Ó ti fẹ́ bọ́. Mo wo ojú rẹ̀ láti inú gíláàsì.

"Kò sẹ́nì kankan nílé mi, Bàbá," mo ní. "Èmi nìkan ni."

Bàbá gbé àpótí náà padà sílẹ̀, ó fi ìgúnpá lé orí káńtà, kò sì lọ mọ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé aago mẹ́rin ti ń lù.